Ẹ̀rín Delia Lókè Tíátà Palmyra

Ní ìlú Worcester, ní Amẹ́ríkà, láyé ọjọ́un, bí ènìyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá aláwàdà kan mọṣẹ́ tàbí kò mọṣẹ́, kì í ṣe ìwé ìròyìn ló máa wò. Á ní sùúrù di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, á sì tẹ́tí sí òkè téńté tíátà Palmyra, níbi tí àga kò ti ní tìmùtìmù, tí gbogbo ooru ilé sì ń kó ara jọ sí. Bó bá gbọ́ ẹ̀rín kan tó bẹ̀rẹ̀ nínú ikùn bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hó, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ṣí ọmọrí dànù, aláwàdà yẹn ti jẹun. Bí kò bá gbọ́ ọ, kí aláwàdà yáa lọ máa di ẹrù rẹ̀.

Delia Mulkerrin ló ni ẹ̀rín náà. Ọmọ Connemara ni, ní Ireland, ó sì ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé Ìyáàfin Wetherell fún ọdún méjìlá nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1907. Obìnrin gíga ni, apá rẹ̀ le, omi ọṣẹ ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di pupa, ó sì ní eyín kan tó yọ síta lápá òsì, tó máa ń fọwọ́ bò bó bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti gòkè Palmyra, ta ló ń fọwọ́ bo eyín? Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo ọmọ ọ̀dọ̀ ìlú ń gba ìsinmi ọ̀sán. Nítorí náà, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni òkè yẹn ń kún fún obìnrin Ireland, kúùkù, afọṣọ, agbọ́mọ, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, tí wọ́n ń wo ajá tó ń gun àkàbà, ọkùnrin tó ń ju abọ́ mẹ́fà sókè lẹ́ẹ̀kan náà, obìnrin tó ń fi ẹnu kọ orin ẹyẹ, àti àwọn aláwàdà. Eré mẹ́sàn-án ni wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń pààrọ̀ wọn.

Ìyá rẹ̀ ló bí ẹ̀rín náà mọ́ ọn. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú sínú òkun, tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, gbogbo abúlé wá jókòó ti òkú bí wọ́n ti máa ń ṣe níbẹ̀, wọ́n ń mu tábà, wọ́n ń sọ bí ọkùnrin náà ṣe jẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Ẹnìkan wá sọ ìtàn ọjọ́ tó gun ẹlẹ́dẹ̀ lọ sí ìsìn. Ìyá Delia, tí omijé ṣì wà lójú rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín débi pé fìtílà tó wà lẹ́bàá òkú fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Delia lọ́jọ́ náà, ó sì gbà láti ìgbà yẹn pé ẹ̀rín kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tọrọ àṣẹ kó tó ṣe.

Ọ̀gbẹ́ni Pomeroy, máníjà Palmyra, kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn olówó tó ń jókòó sórí àga alárán nísàlẹ̀ kì í kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń dúró kí ẹlòmíì rín ná, kó má baà di pé ohun tí kò yẹ wọ́n ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí. Àwọn ará òkè ní í ṣí ọ̀nà fún wọn. Láàárín àwọn ará òkè ẹ̀wẹ̀, Delia ló ń ṣíwájú. Báyìí ni máníjà ṣe ya àga kan sọ́tọ̀ fún un ní ìlà iwájú gan-an, lẹ́bàá irin ìdábùú, tí kò gbọdọ̀ sanwó fún. Kò sanwó fún un pé kó wá rẹ́rìn-ín o. Bó bá dán irú ẹ̀ wò, Delia ì bá bọ́ bàtà sọ ọ́. Àga lásán ló fún un, inú Delia sì ń dùn pé òun nìkan ni ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọkùnrin oníbàtà dídán ń ṣí fìlà fún ní gbogbo Worcester.

Ẹ wá wo ilé tó ti ń wá. Nílé Wetherell, ọmọ ọ̀dọ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ̀rín kò gbọdọ̀ kọjá ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ohun kejì tí wọ́n sọ fún un ni pé Bridget ni wọn yóò máa pè é. Bridget lorúkọ ẹni tó wà níbẹ̀ kó tó dé, Bridget lorúkọ ẹni tó ṣáájú ìyẹn pẹ̀lú, màdáámù kò sì lè máa kọ́ orúkọ tuntun nígbàkígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ bá lọ lọ́kọ. Delia gbà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà, ẹni tí ebi ń pa kì í sì í dúró jiyàn orúkọ. Àmọ́ ó ń dùn ún. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ìjánu tí wọ́n sì fi sí òun lẹ́nu yìí, ẹlòmíì ni wọ́n rọ ọ́ fún. Ọdún méjìlá ló fi ń dáhùn sí i. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nìkan ló ń jẹ́ Delia.

Nínú oṣù kẹta ọdún yẹn ni àwọn Cassin dé. Ọkùnrin méjì ni wọ́n, Ned àti Lawrence, ọmọ ìyá kan náà. "Bíddì Méjì" ni wọ́n pe eré wọn, Bíddì sì ni gbogbo ìlú fi ń pe obìnrin Ireland tó bá ń ṣọmọ ọ̀dọ̀, bí wọn kò bá fẹ́ yọ ara wọn lẹ́nu láti mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n di ìrọ̀rí mọ́ ìdí, wọ́n dé irun pupa tó dúró gán-ún bí ìgbálẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà kun àgbọ̀n títí tó fi dà bí ti ọ̀bọ. Lawrence gbé orí sínú abọ́ ọbẹ̀, ó sùn lọ. Ned gbé ogún abọ́ lórí ara wọn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ẹ́ sín. Ó fẹ́ẹ́ sín, kò sín. Ó rìn síwájú, ó fẹ́ẹ́ sín, kò sín. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá orí Lawrence, abọ́ ń mì, agogo màdáámù ń dún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, torí Delia fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́ rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ned Cassin mọṣẹ́, kò sí irọ́ níbẹ̀, ara obìnrin náà sì ti rẹ́rìn-ín kí orí rẹ̀ tó bi í pé kí ni. Ìkòkò hó, ọmọrí fò, gbogbo òkè dáhùn, àwọn alárán ìsàlẹ̀ náà sì dáhùn, ni ilé bá ń mì. Bí abọ́ ṣe wá fọ́ tán, Ned na ìka sókè sí i, ó tẹríba fún un nìkan.

Nora Spelman ló jókòó tì í. Kúùkù ilé kejì sí ti Wetherell ni, ẹni ọgọ́ta ọdún tí iná ààrò ti jó apá rẹ̀ méjèèjì láìmọye ìgbà. Òun ló kọ́ Delia ní bí wọ́n ṣe ń dáná sítóòfù Amẹ́ríkà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò sì sẹ́ni tí Delia ń bọ̀wọ̀ fún tó o. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó gba ẹ̀yìn ilé, àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe fún àwọn ará òkè kí wọ́n má baà bá àwọn ará ìsàlẹ̀ fara kanra, ó pè é.

"Delia."

"Nora, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ṣé ẹ rí i nígbà tó gbé ẹsẹ̀ kọjá orí ìkejì ẹ̀?"

"Mo rí i. Ta lò ń rín?"

"Àwọn ọkùnrin yẹn ni."

"Épúrọ́ọ̀nù ìdáná tí wọ́n wọ̀ yẹn ńkọ́? Èmi náà ní irú ẹ̀. Òun ni mo wọ̀ láàárọ̀ yìí."

"Eré ni, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ńlá."

"Èmi mọ̀ pé eré ni, ọmọ mi," Nora dáhùn. "Àwọn tó wà lórí àga alárán ni mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀."

Delia yára sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó bínú díẹ̀ sí ìyá àgbà náà pé ó ba Ọjọ́bọ̀ òun jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn Wetherell gba àlejò. Chester, ọmọ màdáámù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga dé, ti lọ wo Palmyra lánàá pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Bí Delia ṣe gbé ọbẹ̀ wọlé, Chester fi aṣọ ìnuwọ́ dé orí, ó gbé àwo mẹ́ta lórí ara wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ẹ́ sín. Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Obìnrin àlejò kan tó so ìlẹ̀kẹ̀ funfun mọ́rùn wo Delia, ojú sì tì í díẹ̀.

"Ṣé kò ní dùn ún báyìí?" obìnrin náà béèrè.

"Dùn ún kẹ̀?" ni Ìyáàfin Wetherell wí. "Òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù ní gbogbo tíátà. Ìsàlẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bridget?"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìkòkò ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbóná.

"Bẹ́ẹ̀ ni, màdáámù."

Ó bu ọbẹ̀ fún wọn yíká, kò da ẹ̀kán kan sílẹ̀. Nígbà tó padà dé ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpótí èédú. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Bí òun kò bá rẹ́rìn-ín ni, obìnrin onílẹ̀kẹ̀ yẹn ì bá ṣì máa tijú, bóyá wọn ì bá ti sọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ̀rín òun ni wọ́n fi jẹ́rìí ta ko òun, ẹ̀rín ìyá òun, tó jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó kù fún òun tí kò tíì di ti Bridget. Inú bí i débi pé ó fọ àwo alẹ́ ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìròyìn jáde pé wọ́n ti fi ọ̀sẹ̀ kan kún ti àwọn Cassin. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọkùnrin Ireland pe ìpàdé sí yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Malachy Tansey ló ṣe alága, ẹni tó ní ilé ọtí, tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ilé ọtí náà lọ. Ó ní àwọn yóò kó ẹyin tó ti bàjẹ́ wọ Palmyra, ẹyin tó lè kún apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, àwọn yóò sì fi kun àwọn Cassin títí ìyá tó bí wọn kò fi ní dá wọn mọ̀. Àwọn ọkùnrin fẹsẹ̀ janlẹ̀. Delia dìde láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn obìnrin wà.

"Ẹ sọ ẹyin lù wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, kí ni ìwé ìròyìn máa kọ? Pé àwọn ará Ireland ya wèrè ní Palmyra. Ọlọ́pàá á kó yín, àwọn Cassin á sì gbayì. Títí wọ́n á fi kú ni wọ́n á máa jẹun lórí ẹyin yín."

"Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀," ni Tansey wí. "Ṣebí ìwọ lo rẹ́rìn-ín tí gbogbo ilé fi mì? Wọ́n ń sọ ọ́ nílé ọtí mi."

"Èmi ni. Mi ò sẹ́."

"Ẹyin lohùn, Delia. Bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́."

"Ìyẹn ni mi ò ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ da òmíì sí i. Èmi ni mo da tàkọ́kọ́ sílẹ̀, èmi ni màá nù ún. Ilẹ̀ nínù sì niṣẹ́ mi."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Tansey fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n.

"Kí wá lo máa ṣe?"

"Mi ò ní ṣe nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ni màá ṣe."

Ibi tí àwọn obìnrin ti ń wọ kóòtù ló ti là á yé wọn. Lókè Palmyra, wọ́n lẹ pátákó mọ́ ògiri: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ súfèé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ janlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pariwo tàbí kó ju nǹkan. Àwọn aṣọ́nà mẹ́rin dúró tì í pẹ̀lú ọ̀pá. "Ẹ tíì rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé dandan ni kéèyàn rẹ́rìn-ín?" Delia bi wọ́n. Kí oníkálukú mú ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu dání, tòun tabẹ́rẹ́ tòun tòwú. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí ajá, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń kọrin. Bí Bíddì Méjì bá ti jáde, kí wọ́n máa rán ìbọ̀sẹ̀.

"Bí màdáámù mi bá rí mi ńkọ́?" ni afọṣọ kan béèrè.

"Kí ló fẹ́ wí? Pé o jókòó jẹ́ẹ́? Ohun tó ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o máa ṣe látijọ́ nìyẹn."

"Bí ẹ̀rín bá wá ń gbọ̀n mí ńkọ́? Torí ó pani lẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́."

Nora ló dáhùn ìyẹn. "Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ," ó ní. "Fi gún àtàǹpàkò."

Ọjọ́bọ̀ kejì, òkè kún dé orí àtẹ̀gùn. Ajá jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin alábọ́ jáde, ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá a mú lórí imú, Delia sì tú ẹ̀rín náà sílẹ̀ débi pé ọkùnrin náà dúró kí i. Ọ̀gbẹ́ni Pomeroy ń fọwọ́ ra ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà náà ni wọ́n yí pátákó tó wà létí ìtàgé, orúkọ Bíddì Méjì sì hàn. Delia mú ìbọ̀sẹ̀ jáde. Ìbọ̀sẹ̀ Chester Wetherell ni. Lẹ́yìn rẹ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì, igba obìnrin tẹ orí ba.

Lawrence gbé orí sínú ọbẹ̀, kò sí ohùn kankan. Ned gbé abọ́, ó fẹ́ẹ́ sín, kò sín. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ń dúró, wọ́n ń retí òkè kó ṣílẹ̀kùn fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ọkùnrin kan lórí àga alárán bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó gbọ́ ara rẹ̀ pé òun nìkan ni, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ned túbọ̀ le mọ́ ọn. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá orí ìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀kan. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ṣe hùn-ún bí ìkòkò tíì tó fẹ́ hó, Nora na ọwọ́ sẹ́yìn, ó já a ní èékánná.

Delia fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí abọ́ wá yẹ̀, tí Ned ń sáré yí po lábẹ́ wọn, ohun náà dìde nínú ikùn rẹ̀, ó gòkè dé àyà, ó dé ọ̀fun. Ó rò ó pé òun ti ṣubú. Ó fi abẹ́rẹ́ gún àtàǹpàkò, ó sì tì í wọlé. Ẹ̀jẹ̀ kán sí ìbọ̀sẹ̀ Chester. Ẹ̀rín náà padà sílẹ̀.

Abọ́ fọ́. Ìró àfọ́kù nìkan ló dún nínú ilé.

Ned Cassin dúró. Òógùn ti ń ba ọ̀dà ojú rẹ̀ jẹ́. Ó gbójú sókè sí àga tó wà lẹ́bàá irin, ó fi ohùn Bíddì náà pè.

"Níbo ni Bíddì mi ti òkè wà lónìí? Bíddì, àbí o ti sùn lọ ni?"

Delia fi ìbọ̀sẹ̀ kọ́ irin ìdábùú. Ó dìde. Kò pariwo, torí kò sídìí fún un. Ilé náà dákẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé orí gbogbo àga alárán.

"Orúkọ mi ni Delia Mulkerrin."

Ó jókòó, ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Aṣọ́nà kan ti ń sáré bọ̀ láàárín àga pẹ̀lú ọ̀pá.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí?"

"Òun ló bi í ní ìbéèrè," ni Nora wí, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára ìbọ̀sẹ̀. "Àbí wọ́n tún ti kọ ọ́ sára ògiri pé a ò gbọdọ̀ dáhùn tí wọ́n bá bi wá léèrè?"

Aṣọ́nà wo pátákó. Ó wo igba obìnrin tó ń ránṣọ. Kò mọ èyí tó fẹ́ fà jáde, ló bá padà.

Nísàlẹ̀, àwọn orí ń yí sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyáàfin Wetherell wà láàárín wọn, ó mú àlejò méjì wá wo Bíddì Méjì. Ojú rẹ̀ bá ti Delia pàdé. Ọdún méjìlá ni Delia ti ń sọ ojú sílẹ̀ bí ojú yẹn bá wò ó. Lọ́jọ́ yìí, kò sọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn Cassin kò parí eré. Wọ́n já aṣọ ìtàgé lulẹ̀, gbogbo ilé sì ń gbọ́ bàtà wọn bí wọ́n ṣe ń lọ. Nígbà tí obìnrin olórin ẹyẹ jáde tẹ̀lé wọn, òkè pàtẹ́wọ́ fún un títí omi fi bọ́ lójú obìnrin náà, kò sì mọ ohun tí òun ṣe.

Pomeroy dúró dè é lórí àtẹ̀gùn. Kò ṣí fìlà.

"O ti bà mí lórúkọ jẹ́. Àga yẹn kì í ṣe tìẹ mọ́."

"Ẹ gba àga yín," ni Delia wí. "Ohun tí mo fi ń jókòó ṣì wà lára mi."

Ó bá Ned Cassin nínú ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, irun pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dà ṣì wà ní ìdajì ojú rẹ̀. Ọkùnrin tó ti rẹ̀ ni, kò ní pẹ́ di ẹni àádọ́ta ọdún.

"Ṣé o mọ̀ pé o pa wá?" ó ní. "Pomeroy ti yọ wá. Ó máa kọ ọ́ sí gbogbo máníjà tó kù."

"Mi ò fọwọ́ kàn yín. Mi ò rẹ́rìn-ín ni. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn ló pa yín, ẹ ò ní ẹ̀mí tẹ́lẹ̀ nìyẹn."

"Ọmọ Ireland ni wá. Ìyá wa fúnra ẹ̀ ṣọmọ ọ̀dọ̀."

"Ṣé ó wá wò yín rí?"

Ned wo irun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Delia kọjá lọ. Àánú rẹ̀ ṣe é, kò sì kábàámọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyáàfin Wetherell pè é sí yàrá ìkọ̀wé. Ó ní Ọ̀gbẹ́ni Pomeroy máa ń bá ọkọ òun ta káàdì, pé ojú ti òun níwájú àlejò, pé kí Bridget lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án yìí, kí ọ̀rọ̀ tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ.

"Màá lọ, màdáámù. Ẹ bá mi kọ ìwé ẹ̀rí mi."

Kò sí ilé tó ń gba ọmọ ọ̀dọ̀ láìsí ìwé yẹn. Ẹni tí kò ní in, ó di ẹni tó ń jí ṣíbí nìyẹn lójú wọn. Ẹ̀rù sì ba Delia, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Màdáámù kọ ọ́. Kò sì ṣèkà, ó kọ ọ́ dáadáa: Bridget ti sìn mí fún ọdún méjìlá, ó mọ́ tónítóní, kì í mutí, kì í purọ́. Delia kà á tán, ó tẹ́ ẹ padà sórí tábìlì.

"Kí ló tún kù? Mo kọ rere nípa ẹ."

"Rere lẹ kọ, màdáámù. Mi ò kàn mọ ẹni tẹ́ ẹ kọ ọ́ nípa ẹ̀ ni."

"Má tún bẹ̀rẹ̀ o, Bridget."

Delia kò dáhùn.

"Mo ní má bẹ̀rẹ̀. Mú ìwé ẹ."

Kò dáhùn, kò mú un, kò sì kúrò lójú kan. Aago ara ògiri ń dún. Màdáámù mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, abẹ́ rẹ̀ ló jókòó sí lánàá, ó sì ti rí ọkùnrin méjì tí wọ́n fi gbogbo agbára ṣeré, tí kò ràn wọ́n. Ó gbé kálámù, ó gbé e sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó fa ìwé tuntun jáde.

"Kí lorúkọ ẹ tún ni?"

Ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo Palmyra ló gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Delia sọ ọ́ fún un, ó sì pe lẹ́tà rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára, ó ń dúró kí kálámù parí èyí kó tó pe òmíràn, títí orúkọ bàbá rẹ̀ fi pé sórí ìwé.

Ilé opó kan tó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin sílé ló lọ. Iṣẹ́ ibẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́, yàrá rẹ̀ kéré, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi darúgbó, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tó kúrò nílé Wetherell, ó fi sẹ́ńtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ra tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá, lábẹ́ òrùlé. Ọkùnrin kan jáde pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìkòkò hó, ọmọrí fò.

Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ títí Nora fi wá sọ fún un lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀gá Nora ló jókòó ti Ìyáàfin Wetherell, ó sì sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Obìnrin onílẹ̀kẹ̀ yẹn gbójú sókè, ó ní, "Ta ló ń rẹ́rìn-ín báyẹn?"

Màdáámù kò yíjú. Iwájú ló ń wò.

"Delia Mulkerrin ni," ó ní.